Kí Àwọn Ọmọ Iléèwé Tó Kọjá Tán

Olójú Irin jó ìdè géètì kan pọ̀, ó ṣí ìbòjú wẹ́dà sókè, ó sì tún yọjú wo òjìji ògiri. Ìgbà mélòó ló ti wò ó láti àárọ̀, òun gan-an kò mọ̀. Òjìji náà ti kúrò lábẹ́ tábìlì iṣẹ́, ó ń rá bọ̀ lórí ilẹ̀, ó sì kọrí sí ọ̀dọ̀ garawa omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ti kan garawa yẹn, agogo iléèwé tó wà ní òpin àdúgbò á dún. Bí agogo bá ti dún, á dé.

Kò fún un lórúkọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń bọ̀. Ó ti dé. Ó ti lọ. Bí ayálégbé ṣe ń sọ̀rọ̀ onílé tó le ló ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Olójú Irin. Ìbòjú wẹ́dà kì í kúrò lójú rẹ̀, bó bá sì kúrò pàápàá, kò sẹ́ni tó bá a nájà rí tó rí i kó ṣẹ́jú. Ojú irin ọ̀hún ló wá ń ṣomi báyìí bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ojú ọ̀tún nìkan ni o. Ti òsì á gbẹ kanrin, á máa ṣe bíi pé òun kò mọ èkejì òun rí.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ihò imú ọ̀tún á dí. Lẹ́yìn náà ìpéǹpéjú á wálẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan tí kò ṣeé rí á ki irin tó ti pọ́n nínú iná bọ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀, á sì máa yí i. Kò ṣeé jókòó tì, kò ṣeé dùbúlẹ̀ lé lórí. Á máa rìn láti ògiri dé ògiri, á máa forí gbá ilẹ̀kùn, á máa jágbe mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Nígbà tó bá fi máa fi í sílẹ̀, ilẹ̀ á ti ń ṣú, títì á ti dá, òun náà á kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìlè sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ló burú jù. Ìrora ní àkókò tirẹ̀; ẹ̀rù kò ní. Bó bá ti lajú láàárọ̀ ni ẹ̀rù ti ń bá a jẹun, tó ń bá a wọn irin, tó ń bá a dá oníbàárà lóhùn. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó gbà. Àmọ́ ó dá a lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, irú orí fífọ́ yìí kò ṣe é rí. Ní ọjọ́ kan tí ìrora náà gbóná janjan, ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń wo ẹ̀rọ ìgérin pẹ̀lú ojú tí kò yẹ kí ènìyàn fi wo ẹ̀rọ. Ó sá jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù jù lọ.

Kò sí ibi tí wọn ò gbé orí náà dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní iná wẹ́dà ló wọ̀ ọ́ lójú, pé ta ni kò mọ̀ pé ojú oníwẹ́dà kì í pẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ní kó kán oògùn sí i, ó kán an títí ìgò fi gbẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní eyín ni. Wọ́n yọ eyín náà, eyín tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, bí agogo ṣe dún, ó dé, ó bá àyè eyín lófìfo, kò sì jọ ọ́ lójú.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó rẹ̀ wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà obìnrin kan tí Olójú Irin jù lọ́jọ́ orí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó síta, òun wọlé. Dókítà náà gbé kálámù sílẹ̀, ó bi í ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí.

"Bó bá dé, ṣé ẹ máa ń dùbúlẹ̀ ni, àbí ẹ máa ń rìn?"

"Mo máa ń rìn, Dókítà. Ká sòótọ́, mo máa ń sá."

Obìnrin náà mi orí bí ẹni tó ti mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ó ní orí fífọ́ ọlọ́wọ̀ọ́wọ́ ni òun máa ń pè é fún àwọn tó bá ń ṣe, nítorí ọ̀wọ̀ọ́wọ́ ló ń wá: á máa dé lójoojúmọ́ ní àkókò kan náà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, á lọ, á sì tún padà lọ́jọ́ tí ènìyàn ti gbàgbé. Kì í ṣe ojú. Kì í sì í ṣe eyín.

"Wọ́n ti yọ eyín náà, Dókítà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ó wá bi í bóyá ó ti ṣe é rí bíi kó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Olójú Irin wo ilẹ̀, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ fún. Dókítà kò pariwo mọ́ ọn, kò sì wàásù fún un. Ó ní ìdí tí àwọn kò fi ní fi falẹ̀ nìyẹn, pé bó bá tún ṣe é bẹ́ẹ̀, kó má dá wà, kó pe òun. Ó kọ oògùn tí á máa lò láràárọ̀ kí wàhálà náà lè máa dín kù, ó ní ìyẹn á gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó ràn. Èyí tí á máa lò nígbà tó bá dé gan-an ni ọ́síjìn.

Olójú Irin dìde lórí àga. "Ọ́síjìn wo?"

Ọ́síjìn tí òun mọ̀ ni èyí tó wà nínú sílíńdà gíga ní igun ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ń ran iná lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń gé irin bí ẹni gé ọṣẹ. Ọ́síjìn kì í jó fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá bá epo tàbí ọ̀rá pàdé, ó lè sọ ọ́ di iná láìsí ìṣáná. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi ọwọ́ tó ti kan gírísì ṣí sílíńdà lọ́jọ́ kan. Iná bú jáde lẹ́nu sílíńdà náà bíi pé ó ti ń dúró dè é. Láti ọjọ́ náà ọ̀gá kò mú irin mọ́, nítorí kò sí ìka tí yóò fi mú un. Olójú Irin wà níbẹ̀, òun ló da yẹ̀pẹ̀ sí iná náà. Nígbà tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, òfin àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé kí ọwọ́ tó kan ọ́síjìn, kí ọwọ́ ti kan ọṣẹ. Ẹni tí ejò bá ti ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òun ni wọ́n wá ní kó gbé ejò náà sẹ́nu.

Dókítà ní ti ṣọ́ọ̀bù kọ́, kó má ṣe gbé ìyẹn sún mọ́ imú rẹ̀ láé. Ti ọsibítù ni wọn á gbé wá, pẹ̀lú ìbòmú àti gbogbo ohun tó bá a rìn. Nọ́ọ̀sì kan sì gbé e dé lóòótọ́ ní alẹ́ àná. Ó kọ́ tọkọtaya bí wọn ṣe ń lò ó, ó ní kí iná má sún mọ́ ọn, kí epo má sún mọ́ ọn. Sílíńdà náà dúró ní igun yàrá láti àná. Olójú Irin fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn, ó kọjú sí i, nítorí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ ẹ̀yìn sí.

Ohun tó mú kó gbà kò ju Jẹ́jẹ́ lọ.

Jẹ́jẹ́ ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Láti kékeré, kì í sáré, kì í pariwo, ni wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Àkókò tí ìrora náà ń dé gan-an ni ọmọ ń ti iléèwé dé. Ní ọjọ́ kan ó wọlé bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń forí gbá ilẹ̀kùn, ó sì rò pé bí òun bá dì í lẹ́sẹ̀ mú, á dúró. Olójú Irin kò mọ ẹni tó di òun mú. Ó gbọn ẹsẹ̀ nù. Ọmọ náà fi iwájú orí lu etí àpótí. Ojú ọgbẹ́ náà ti jiná, kò gùn ju èékánná lọ, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn Jẹ́jẹ́ kì í wálé mọ́ bí wọ́n bá jáde níléèwé. Ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ló ń lọ jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá wá wọlé, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," bí ẹni tó ń kí àlejò, á sì gba ẹ̀bá ògiri kọjá. Ó ń dun bàbá rẹ̀ ju àyè eyín lọ.

Òjìji kan garawa. Agogo dún.

Olójú Irin pa ẹ̀rọ, ó gbé ìbòjú kọ́, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọ inú ilé. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ níta, ó wọ èyí tí wọ́n fọ̀ sílẹ̀ dè é. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, aṣọ mímọ́ kì í wọ́n nílé wọn. Obìnrin náà ti gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun àgbàlá, ó ti da omi sí èédú náà, ó sì ti ṣí gbogbo fèrèsé.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹ wò ó, kò sí iná nínú ilé yìí bó ti wù kó kéré mọ. Àní ìgò òróró tí mo fi ń dáná, mo ti gbé e lọ fún aránṣọ."

"O ṣeun."

"Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀?"

"Imú ti dí."

Ó fà á jókòó sórí ibùsùn. Ó mú agolo ìpara kékeré lórí fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á níwájú orí, lẹ́bàá ojú, títí dé ọrùn, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ láti ìgbà tí wàhálà yìí ti dé. "Pẹ̀lẹ́. Ó máa lọ. Pẹ̀lẹ́." Ìpara náà kò ṣe nǹkan kan fún ìrora yẹn rí, àwọn méjèèjì ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà tutù, òun sì ni ohun kan ṣoṣo ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí kì í dun Olójú Irin. Olójú Irin náà fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ na ìpara náà kárí ojú.

Lẹ́yìn náà ó dé.

Olójú Irin fò dìde. Ó lọ dé ògiri, ó padà. Omi ti ń dà lójú ọ̀tún, ìpéǹpéjú ti wálẹ̀. Irin náà wọlé, ó sì yí.

"Ẹ ṣí sílíńdà náà," ìyàwó rẹ̀ wí. Ó ti mú ìbòmú náà dání, ó ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi gbé e wá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣí."

Ó kúnlẹ̀ síwájú sílíńdà. Ó na ọwọ́ sí ẹnu sílíńdà náà, ó sì ti ń fẹ́ yí i, kí òórùn kan tó ta sí i nímú òsì, èyí tí kò dí. Òórùn ìpara ni.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ń dán.

Ṣí i, ìrora náà wí. Díẹ̀ ni. Ta ló máa ń kú nítorí ìpara? Bó bá sì bú gbàmù, ṣebí gbogbo rẹ̀ á tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ká má purọ́, apá kan nínú rẹ̀ fetí sílẹ̀. Ìka rẹ̀ wà lórí irin náà, kò yí i, kò sì kúrò níbẹ̀. Nígbà náà ló rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ojú rẹ̀ sún mọ́ ẹnu sílíńdà ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, ọwọ́ tirẹ̀ náà sì ń dán dé ọrùn ọwọ́. Òun ni iná máa kọ́kọ́ kàn.

Olójú Irin fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni pé irin náà ti jó o.

"Ọṣẹ," ó wí.

"Kí lẹ wí?"

"Ọṣẹ. Sún kúrò níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ, ọwọ́ mi, ojú mi. Ìpara yẹn, ọ̀rá ni."

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ti gbé òróró rékọjá títì, ó ti pa iná títí kan ti áyọ́ọ̀nù, ó sì ti fi ìka ara rẹ̀ kun ọkọ rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń sá fún. Ó ju láílọ́ọ̀nù náà sórí ibùsùn, ó sì sáré jáde.

Ó gbé odindi ọpọ́n omi ọṣẹ tó fi ń fọ aṣọ wọlé. Ó dì í lórí mú, ó ń fọ ojú rẹ̀ bó ṣe ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó ti gba ìdọ̀tí. Ọṣẹ wọ ojú ọ̀tún náà, Olójú Irin kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ìrora ti gun òkè dé ibi tó máa ń gùn dé. Ó ń jágbe, ó ń já ara rẹ̀ gbà, ó fẹ́ dìde kó lọ fi orí wá ilẹ̀kùn.

"Ẹ dúró," obìnrin náà wí, omijé ń bọ́ lójú òun náà. "Ẹ dúró, ó ku ẹ̀yìn etí."

Ó dúró. Bó ṣe dúró, òun gan-an kò lè sọ. Wọ́n fọ ojú, wọ́n fọ ọrùn, wọ́n fọ ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ṣàn wọ́n, wọ́n tún wọn fọ̀. Obìnrin náà fi aṣọ tó gbẹ nù wọ́n. Olójú Irin wá gbé ọwọ́ sí imú òsì, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọṣẹ nìkan ló kù.

Ó kúnlẹ̀ padà. "Lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà."

"Mi ò lọ síbì kankan."

Kò sí agbára láti jà. Ó yí ojú sápá kan bí ọ̀gá rẹ̀ ìbá ti ṣe, ó sì ṣí i díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà fọn. Kò sí iná. Ó ṣí i sí i títí dé ibi tí nọ́ọ̀sì fi hàn wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ já láílọ́ọ̀nù, ó fi ìbòmú bò ó nímú àti ẹnu, ó fa okùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn orí.

Olójú Irin dijú. Ó ń retí kí àyà rẹ̀ gbiná. Ó mí sínú. Ó tutù, ó gbẹ, kò ní òórùn, kò sì jó ohunkóhun.

"Ẹ mí sí i," obìnrin náà wí. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ má sá. Ẹ mí."

Ó ń mì síwá sẹ́yìn, ó ń mí. Irin náà ṣì ń yí. Ó ń mí, ó sì ń yí. Ẹ̀rù tó tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wá mú un, pé bí èyí náà kò bá ràn án ńkọ́, kí ló tún kù. "Kò ṣiṣẹ́," ó wí nínú ìbòmú.

"Ẹ mí."

Ó mí. Ó fi ojú inú ṣọ́ ẹni tó ń yí irin náà, bó ṣe máa ń ṣọ́ ọ, tó ń dúró de ìgbà tí yóò tún ki irin náà wọlé. Irin náà kò wọlé. Ó dúró dè é. Ẹni náà dáwọ́ dúró díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè láti ìta. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ kò jinlẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Ènìyàn lè wo irin gbígbóná títí, kó má mọ ìgbà náà gan-an tó kúrò ní pupa tó di dúdú. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Olójú Irin kàn ṣàkíyèsí pé òun kò mì síwá sẹ́yìn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ṣì tẹ orúnkún rẹ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúnkún náà kò jà mọ́.

Ariwo kan ń dún. Ó kọ́kọ́ rò pé inú orí òun ni.

"Àwọn wo nìyẹn?" ó bi í.

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń pariwo níta."

Ìyàwó rẹ̀ tẹ́tí. "Àwọn ọmọ iléèwé ni."

"Wọn ò tíì kọjá tán?"

Obìnrin náà fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. "Wọn ò tíì kọjá tán, Bàbá Jẹ́jẹ́."

Láti ìgbà tí wàhálà náà ti bẹ̀rẹ̀, Olójú Irin kò tíì gbọ́ ohùn wọn rí.

Nígbà tó tó àkókò tí nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n fi dáwọ́ dúró, ó pa sílíńdà, ó yọ ìbòmú, ó sì jáde lọ jókòó sórí àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà. Ara rẹ̀ rọ̀. Kò tan ara rẹ̀ jẹ: ó mọ̀ pé ọ̀la ń bọ̀, pé òjìji á tún kan garawa, bóyá ọ̀túnla náà sì ni. Ẹ̀rù ṣì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ oòrùn wà níta, ó ń tàn sórí báàgì àwọn ọmọ tó ń kọjá, àwọn méjì ń jà sí bọ́ọ̀lù kan, ọ̀kan ń sunkún pé wọ́n gba bírò òun.

Ní òdìkejì títì, Jẹ́jẹ́ jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ó ń wò ó.

Ó wu Olójú Irin kó pè é. Ẹ̀rù bà á pé bí òun bá pè é, kò ní wá. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wo ọmọ, ọmọ ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, Jẹ́jẹ́ dìde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá, ó sì dúró níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Ilẹ̀ ò tíì ṣú," bàbá rẹ̀ wí. "Ọ̀sán ṣì ni."

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó bóyá òótọ́ ni. "Ẹ kú ọ̀sán, sà." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ. Ó lè padà wá lọ́la."

"Ṣé ẹ máa tún máa sá kiri?"

Ó fẹ́ ṣèlérí. Kò ṣe é. "Tòní, mo jókòó," ó wí.

Jẹ́jẹ́ rò ó wò. Ó wò ó lójú, ó wò ó lọ́rùn, ó sì fajú ro bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń fajú ro sí aṣọ tí wọn kò ṣàn dáadáa.

"Ọṣẹ wà létí yín."

Ó sún mọ́ ọn. Ó mú etí aṣọ iléèwé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nù ún, ojú ọgbẹ́ kékeré náà hàn kedere níwájú orí rẹ̀. Olójú Irin kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún rẹ̀, ó sì wò wọ́n, ọwọ́ tó ti ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ yìí. Wọ́n mọ́, wọ́n sì dákẹ́.

"Ẹ yí èkejì síbí," Jẹ́jẹ́ wí.

Ó yí i sí i.